Tàdáà Kò Ní Pa Àpá Ìpàkọ́ Yín Rẹ́, Àmọ́ Ó Lè Mú Kí Ojú Fò Ó

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 44 ni mí, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo lọ gbin irun sí iwájú orí. Wọ́n gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìpàkọ́ mi, wọ́n rán ibẹ̀, àpá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn láti etí kan dé èkejì. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Irun tí wọ́n gbìn ṣì wà, àmọ́ tèmi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń re, àwùjẹ̀ mi ti ń dán. Ó wù mí kí n fá gbogbo rẹ̀ dànù, àpá yìí ni kò jẹ́. Fìlà kì í kúrò lórí mi mọ́, títí kan inú ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ to àmì dúdú sí i, pé àpá á pòórá. Ìyàwó mi ní táátù ni, pé á pa ìwọ̀nba irun tó kù, á sì di búlúù. Ẹni tó ń bá a ya irun ojú ní Lẹ́kí lóun lè ṣe é fún mi tá a bá wálé fún Kérésì, ní owó tí kò tó ìdajì ti ibí. Ṣé kí n ṣe é?”

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣé tí ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́, torí mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹni tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín sí, orí pípá gan-an kọ́ ló ń dùn yín. Apárí pọ̀ láàárín wa, a kì í sì í kà á sí àbùkù. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ bá ti ń tán á fá ìyókù, á fi òróró pa á, ó parí. Ohun tó ń dùn yín ni pé ọ̀nà tí ẹgbẹ́ yín ń gbà, ẹ̀yin ò lè gbà á. Ẹ ò lè fá a nítorí ìpàkọ́, ẹ ò sì lè dá a sí nítorí àwùjẹ̀, irun tí wọ́n gbìn wá dá dúró níwájú bí ọgbà tí igbó ẹ̀yìn rẹ̀ ti tán. Mo ti rí orí bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbin irun nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún sí márùndínlógójì, tí ẹnikẹ́ni ò sì jókòó tì wọ́n kí ó sọ fún wọn pé irun tó kù ṣì ń bọ̀ wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Scalp micropigmentation ni orúkọ rẹ̀, SMP là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín gan-an la fi ń to àmì kéékèèké sí awọ orí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jọ ibi tí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ti ń yọrí. Irun kankan kò ní tibẹ̀ hù. Bí abẹ́rẹ́ ṣe jìn tó ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Awọ tó wà lókè pátápátá máa ń ṣí kúrò fúnra rẹ̀, òmíràn á sì rọ́pò rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Tàdáà tó bá dúró síbẹ̀ á bá èépá lọ. Ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an là ń wá, kò sì ju ìdá díẹ̀ nínú mílímítà kan lọ sísàlẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá kọjá ibẹ̀, tàdáà á tàn. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta rí, níbi tí wọ́n ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, á tètè yé e. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti dì mọ́ aṣọ dáadáa, ìlà á mú kedere. Ibi tó bá ti sán, aró á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìlà á di àbàwọ́n.

Bó ṣe rí lára awọ tó pé nìyẹn. Ti àpá tún yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Nígbà tí ara bá ń di ojú ọgbẹ́, kì í ráàyè to nǹkan padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó kàn ń hun ún pọ̀ ni. Awọ ibẹ̀ á ki, kò ní ihò irun, kò ní ihò òógùn, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Tí oníbàárà bá dorí kodò níwájú mi, àtàǹpàkò ni mo kọ́kọ́ máa ń fi wọ́ gbogbo àpá náà láti òsì dé ọ̀tún kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ibì kan á le bí awọ gángan, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ta ìka yín padà. Ibì kan á rọ̀, á tẹ̀ wọlé bíi bébà tó rin. Ibi tó le yẹn máa ń pọ tàdáà jáde, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, á dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀. Ibi tó rọ̀ á mu ju bó ṣe yẹ lọ, àmì méjì á di ẹyọ kan. Lórí àpá kan ṣoṣo, láàárín ìka mẹ́ta síra wọn, mo lè yí ọwọ́ padà nígbà márùn-ún. Nínú fọ́tò yín, apá òsì fẹ̀, ó sì ń dán, apá ọ̀tún tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn ti fi hàn mí pé iṣẹ́ méjì ló wà lórí ìlà kan yẹn.

Ọ̀rẹ́ yín ní àpá á pòórá. Kò ní pòórá. Ohun tí ojú ń rí lára rẹ̀ ni àlà: irun dúdú lókè, irun dúdú nísàlẹ̀, awọ tó mọ́lẹ̀ láàárín. Ẹni tó bá kun inú àpá nìkan ti sọ ìlà funfun di ìlà dúdú, wọ́n á sì tún máa rí i. Àlà yẹn la gbọ́dọ̀ pa. Nítorí náà, àmì gbọ́dọ̀ ya jáde kúrò lórí àpá, kó wọ àárín irun tòótọ́ lókè àti nísàlẹ̀, kó máa fọ́nká díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹni tó ń wò ó kò fi ní mọ ibi tí irun parí sí. Tí ó bá yọrí, ẹni tó dúró lẹ́yìn yín lórí ìlà ní báńkì kò ní rí nǹkan kan tó máa dá ojú rẹ̀ dúró. Àmọ́ tàdáà ò lè tẹ́ awọ tó wú, kò sì lè kún ibi tó jìn. Tí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i, òjìji á hàn. Onígbàjámọ̀ yín á máa rí i títí lọ, ìyàwó yín náà á máa rí i.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi ń kánjú. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọkùnrin kan wá tí àpá rẹ̀ jọ tiyín. Èyí tó pọ̀ jù nínú àmì tí mo kọ́kọ́ tò ló re lọ. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, dípò kí n ní kó ṣì lọ sinmi, mo tẹ abẹ́rẹ́ wọlé sí i. Ó dára lójú lọ́jọ́ yẹn. Àwa méjèèjì dúró níwájú dígí, a yọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí apá ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búlúù bíi iṣan ọwọ́. Tàdáà dúdú tó bá jìn jù nínú awọ, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú awọ kọjá á mú kó hàn ní búlúù. Ìgbà mẹ́ta ló lọ sọ́dọ̀ àwọn onílésà, àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ líle pa tàdáà rẹ́, kó tó fúyẹ́, mo san owó rẹ̀, àmọ́ owó kì í dá oṣù mẹ́jọ padà fún ènìyàn. Láti ìgbà yẹn, ogún sí ọgbọ̀n àmì péré ni mo máa ń kọ́kọ́ tò sórí àpá, màá ní kí ẹni náà máa lọ, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an.

Nítorí náà, òótọ́ ni ìyàwó yín sọ lórí ọ̀rọ̀ búlúù: ó lè ṣẹlẹ̀. Òótọ́ náà ni pé táátù ni. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń sẹ́, wọ́n á ní ó yàtọ̀ pátápátá. Abẹ́rẹ́ ń wọ awọ, tàdáà ń dúró níbẹ̀: táátù nìyẹn, ó kàn rọra fúyẹ́, ó sì máa ń ṣá kíákíá ju ti apá lọ ni. Tí ọ̀rọ̀ inú Léfítíkù pé ká má ṣe fín àmì sí ara bá wúwo lọ́kàn yín, ẹ bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ kí ẹ tó fi orí sílẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá a gbà ni ti irun tó kù. Gbòǹgbò irun orí jìn tó nǹkan bíi mílímítà 3 sí 5 nínú awọ, abẹ́rẹ́ wa kò sì gbọdọ̀ dé ìdajì ọ̀nà. Tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, irun kò ní kú nítorí rẹ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù fún àwa aláwọ̀ dúdú ju búlúù lọ ni àpá tó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́, tí àwọn dókítà ń pè ní kẹ́lọ́ìdì. Ara wa gbà á ju ti òyìnbó lọ. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ bi yín: tí ẹ bá gé lára, ṣé ó máa ń wú? Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín, lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá, tí etí rẹ̀ wú lẹ́yìn tí wọ́n lu ú? Ẹ tún fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ yín, níbi tí irun parí sí lọ́rùn. Tí ẹ bá bá kókó kéékèèké tó le níbẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa máa ń ní lẹ́yìn tí wọ́n bá gẹrun, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà awọ ara. Mi ò ní fi abẹ́rẹ́ kan orí tí kókó yẹn ṣì ń yọ lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbà láti ṣe é fún yín, ẹ dìde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní kẹ́lọ́ìdì tí ẹ̀yin kò ní, a ṣì lè dán àmì díẹ̀ wò lẹ́yìn etí, ká sì dúró tó oṣù mẹ́ta. Ohun tó wà nínú àpá yín tó fọkàn mi balẹ̀ ni pé ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò pọ́n nínú fọ́tò, ẹ ò sì sọ pé ó ń yún yín. Àpá tí kò tíì pé ọdún kan, mi ò ń sáré sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ irun tó ń re yìí náà ò ṣeé fò. Irun iwájú orí àti ti àwùjẹ̀ ni họ́mọ̀nù ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní DHT máa ń bá jà. Irun á máa tín-ín-rín, á máa kúrú, títí á fi tán. Ti ìpàkọ́ kì í sábà kà á sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣí i lọ síwájú, tó sì ń dúró níbẹ̀. O’Tar Norwood, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló tún to bí orí ọkùnrin ṣe ń pá sí ìpele 7 ní 1975, òun náà la ṣì ń lò. Ẹ̀yin wà láàárín ọ̀nà. Tí mo bá to àmì sí orí yín bó ṣe rí lónìí, tí irun ẹ̀gbẹ́ wá sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún márùn-ún sí i, òkè àpá yẹn lè ṣí sílẹ̀. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Minoxidil tí wọ́n ń fi ra orí ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 1988, finasteride mílígíráàmù 1 tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ gba tirẹ̀ ní 1997. Wọ́n máa ń dá irun tó kù dúró fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń lò ó. Tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, èyí tó yẹ kó lọ á lọ. Finasteride máa ń dín agbára ọkùnrin kù fún àwọn díẹ̀, ẹ má sì ti ibẹ̀ tijú bi dókítà. Tó bá jẹ́ pé irun yín ń re ní òkìtì yípoyípo, tàbí awọ ń yún, tó ń ta yín, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tàdáà bo àìsàn mọ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ làwọn obìnrin tí ṣùkú tó le àti gúlù wíìgì ti ká irun iwájú wọn lọ ń wá bá mi. Dókítà ni mo kọ́kọ́ máa ń darí tiwọn náà sí.

Ẹ ní gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ fá. Ó dáa, àmọ́ ẹ ronú sí bó ṣe máa rí ní ọjọ́ kejì. Irun tí wọ́n gbìn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí padà níwájú, àárín orí á ṣófo, iwájú á wá dà bí ẹni fi èédú ya á. Bóyá kí ẹ máa fá a lójoojúmọ́, bóyá kí wọ́n fi lésà pa irun gbígbìn náà, bóyá kí a to àmì fẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín kí iwájú lè bá ẹ̀gbẹ́ tan. Ẹ̀kẹta yẹn ló sábà máa ń dùn ún wò, òun náà ló sì so yín mọ́ iṣẹ́ wa jù: ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ máa jókòó, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán láàárín wọn, àpá sì lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, oòrùn á ti ṣá a, ẹ máa padà wá. Irun ẹ̀gbẹ́ á máa funfun, àmì á ṣì dúdú. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí hewú ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í fẹ́ kí àárín orí òun dúdú kirikiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí a fi fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é. A lè fi kún un nígbàkigbà. Láti yọ ọ́, lésà ni, awọ dúdú sì nílò irú kan pàtó, èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064, torí àwọn yòókù lè jó awọ wa tàbí kó ṣá a.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà, mi ò sì ní fi wọ́n pamọ́ nítorí pé tèmi kọ́. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ lè tún àpá tó fẹ̀ gé, kó rán an padà kó tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ó tún lè fẹ̀ padà. Wọ́n lè mú irun díẹ̀ gbìn sínú àpá gan-an. Kì í gbilẹ̀ bíi ti awọ tó pé, ṣùgbọ́n irun tòótọ́ ni, tí tàdáà bá sì wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan, àwọn méjèèjì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: kí ẹ fá a, kí ẹ jẹ́ kí àpá hàn. Mo mọ ọkùnrin mẹ́ta tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí ara wọn sì balẹ̀.

Ó wá ku ti Lẹ́kí. Mi ò sọ pé ẹni tó ń ya irun ojú ìyàwó yín kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ irun ojú lọ́tọ̀, iṣẹ́ àpá orí lọ́tọ̀. Tàdáà irun ojú sábà máa ń ní èròjà ìpẹtà irin nínú, bó bá ń ṣá lórí, á pọ́n bíi osùn, tí lésà bá sì kàn án, ó lè dúdú sí i dípò kó ṣí. Ẹ ní kó fi orí mẹ́ta tó ní àpá hàn yín, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn ọdún kan, kì í ṣe fọ́tò ọjọ́ tó parí. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 bá kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B lára nǹkan bí ẹni 8 nínú 100 láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ sì wà lára ohun tó ń gbé e kiri. Ojú yín ni kí wọ́n ti já abẹ́rẹ́ nínú páálí rẹ̀, yálà Lẹ́kí ni tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ wà, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ káńsù lọ́wọ́ wọn, ó yẹ kó wà lára ògiri. Kérésì gan-an kò sì bá a mu. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa lò nílé, iṣẹ́ àpá kì í parí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kò yẹ kí orí yín làágùn, kò yẹ kí oòrùn pa á, kò yẹ kí fìlà gọ̀bì há a mọ́, ẹ sì mọ bí òde ìgbéyàwó oṣù Kejìlá ṣe máa ń rí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó tì yín, àpá nìkan ni màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, màá sì fi àwùjẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tí dókítà á fi mọ ibi tí irun yín ń lọ. Ṣáájú ìyẹn, ẹ lọ bá onígbàjámọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Kó fi kílípà nọ́ńbà 2 gẹ ìpàkọ́, kí ìyàwó yín dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lẹ́yìn yín lójú oòrùn òwúrọ̀, kó fi fóònù ya á. Kó gẹ ẹ́ sí nọ́ńbà 1, kó tún ya á. Kó wá fá a, kó tún ya á. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn, kí ẹ wo ibi tí àpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gan-an. Àwọn kan máa ń rí i pé ní nọ́ńbà 1, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn rárá. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò mi. Tí ó bá hàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìdáhùn yín lórí ọ̀rọ̀ kẹ́lọ́ìdì.